Ohun Tí Ewúrẹ́ Ń Lá

“Iyọ̀ ti tán! Bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ìwé ìṣirò wa,” ni máníjà kọ́ńpìnnì kan ń pariwo sí èrò tó wá ra iyọ̀ níwájú sítóò rẹ̀ ní Ìpọ̀nrí.

Obìnrin oníyọ̀ kan, tó ti rí lọ́rì tó já iyọ̀ síbẹ̀, nawọ́ sí ògiri sítóò náà, níbi tí àwọn ewúrẹ́ kóra jọ sí. “Kí wá ni àwọn ewúrẹ́ yìí ń lá?”

Èrò bú sẹ́rìn-ín, wọ́n já ilẹ̀kùn wọlé. Iyọ̀ kún dé àjà! Kíá ni owó iyọ̀ já wálẹ̀.

Lánàá, obìnrin náà ti yá àpò iyọ̀ mélòó kan lọ́wọ́ Ìyá Tìrìmísíyù, oníyọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì ta èyí tó pọ̀ jù nínú wọn lówó gọbọi. Bí owó ti já yìí, ó wá ra iye àpò tó yá lówó pọ́ọ́kú, ó dá wọn padà, ó fi àpò kan ṣe èènì.

“Ta ló sọ fún ewúrẹ́ pé iyọ̀ wà níbẹ̀?” ni Ìyá Tìrìmísíyù bi í.

“Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Díẹ̀ nínú iyọ̀ yín ni mo pò mómi, tí mo fi kun ògiri wọn láàárọ̀.”