Iwájú Ilé Tí Onígbàjámọ̀ Fá Kodoro

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilẹ̀ díẹ̀ níwájú ilé yín, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí títí dé ìlà tó gbẹ̀yìn. Ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ wá dìde lọ ra sìmẹ́ǹtì.

1.
Onígbàjámọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Dán-bí-Dígí, torí pé orí tó bá fá kì í ku irun ẹyọ kan. Ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Kò fẹ́ rí ohunkóhun tó rí wúruwùru. Irun ni o, koríko ni o, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú rẹ̀.

Láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́, oòrùn kì í yẹsẹ̀ níwájú ilé rẹ̀. Síbẹ̀, ibẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Ewé tíì wà níbẹ̀, etí erin tó máa ń fa omi pamọ́ sínú ewé rẹ̀ wà níbẹ̀, igi kékeré kan sì ṣíji bo fèrèsé pálọ̀. Kò sẹ́ni tó ń bomi rin wọ́n.

Ìdí fèrèsé yẹn ni ìyá rẹ̀ gbé àga sí. Ó pẹ́ tí Dán-bí-Dígí ti ń bẹ màmá yìí kó tó gbà láti wá máa gbé lọ́dọ̀ wọn, torí ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀ bí màmá ṣe ń dá gbé. Ìrìn ẹsẹ̀ ni màmá fi ń mọ àwọn oníbàárà. Á ní, "Onífárí kan ń bọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jó."

Ìṣòro kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni ewé gbígbẹ. Àràárọ̀ ni Dán-bí-Dígí ń gbá a, àràárọ̀ ló ń kùn.

"Ọgbà tí kò níṣẹ́ nínú ni mo fẹ́," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ. "Kí n ṣáà máa wò ó, kí n máa rẹ́rìn-ín."

"Ó dáa. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí oòrùn ṣe ń rìn níbẹ̀. Èmi kì í gé aṣọ láìwọn ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́."

"Ìyàwó, máa gé aṣọ, kí èmi máa gé koríko. Kálukú pẹ̀lú iṣẹ́ ẹ̀."

2.
Lọ́jọ́ tí ìyàwó lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Dán-bí-Dígí ká ṣòkòtò sókè. Ó hú gbogbo ewéko, ó gé igi, ó sì ní kí bíríkìlà da sìmẹ́ǹtì bo ilẹ̀ náà. Etí ògiri nìkan ló fi sílẹ̀ fún òdòdó.

Nígbà tó lọ ra òdòdó náà, olódòdó bi í pé, "Ṣé ibòòji wà níbẹ̀? Àwọn tí ẹ mú yìí ò fẹ́ràn oòrùn o."

Òdòdó náà pupa, ó rẹwà, ó ti wọ̀ ọ́ lójú. Ó ní, "Ibòòji wà níbẹ̀ dáadáa."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibòòji wo? Igi tó ń ṣíji ti di igi ìdáná.

3.
Ní ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo ẹni tó kọjá ló ń kan sáárá sí i. Dán-bí-Dígí ń fẹ̀ bí ẹní jẹ oyè. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ dé, ó wo ilẹ̀, ó wo fèrèsé, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Ìgbà tí òjò dáwọ́ dúró ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Òdòdó rọ bí ẹ̀fọ́ bíbọ̀. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, ó di kí ọ̀gá máa sáré pọnmi. Ó ń fá orí kan lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan nígbà tó rántí òdòdó, ló bá gbé abẹ sílẹ̀, ó di ìta.

Oníbàárà pariwo tẹ̀ lé e: "Ọ̀gá, ìdajì orí mi ń ṣọ̀fọ̀ ìdajì kejì o!"

Ìyẹn ṣì jẹ́ ẹ̀rín. Sìmẹ́ǹtì náà ń gbóná bí ìkòkò orí iná, ó sì ń fẹ́ ooru rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé. Màmá gbé àga kúrò nídìí fèrèsé lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé e lọ sí ilé ìdáná. Ògiri nìkan ló ń wò níbẹ̀. Kò dá ìrìn ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́.

4.
Lọ́jọ́ kan, Dán-bí-Dígí bá a tó ń ká aṣọ sínú báàgì.

"Màmá, kí ló dé?"

"Mò ń padà sílé mi, ọmọ mi. Inú ò bí mi o. Ara mi ni ò gba iná."

"Ẹ má lọ, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́."

"Ìwọ náà wo iwájú ilé ẹ. Alángbá gan-an ń gbé ẹsẹ̀ sókè níbẹ̀ torí ooru."

Ó bọ́ síta kí ìyá rẹ̀ má baà rí omijé lójú rẹ̀. Nísàlẹ̀ fèrèsé, níbi tí sìmẹ́ǹtì ti sán bí òwú, ewé tíì ti yọrí. Kò sẹ́ni tó bomi rin ín. Òdòdó tó ń pọnmi fún ti kú tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó já ewé kan, ó sì gbóòórùn rẹ̀.

Ló bá ké sínú ilé: "Ìyàwó, jọ̀ọ́, wá bá mi wọn ilẹ̀ yìí."

5.
Wọ́n bẹ màmá pé kó ní sùúrù díẹ̀ sí i. Ìyàwó mú ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sáṣọ, ó fi sàmì síbi tí òjìji ògiri ń dé láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Wọ́n wá fọ́ sìmẹ́ǹtì náà, wọ́n fi àfọ́kù rẹ̀ ṣe ọ̀nà tí èèyàn lè gbà wọlé. Wọ́n gbin etí erin àti ọ̀pẹ òyìnbó síbi tí oòrùn ti mú jù, wọ́n fi ewé tíì sí etí ọ̀nà, wọ́n sì gbin igi mìíràn sójú fèrèsé. Ewé gbígbẹ tó ti ń kùn sí tẹ́lẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló lọ wá a kiri tó fi bo ìdí wọn, kí omi má baà tètè gbẹ. Kí igi tó dàgbà, ìyàwó rán aṣọ tó nípọn, wọ́n ta á bo fèrèsé.

Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó ń pọnmi fún ewéko náà mọ́, iṣẹ́ ò sì sí níbẹ̀ ju kí wọ́n wò ó lọ. Màmá tú báàgì rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé àga òun padà sáyè rẹ̀.

Dán-bí-Dígí ń pọ́n abẹ lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ ohùn rẹ̀ lójú fèrèsé: "Onífárí kan ń bọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jó!"

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin tó fẹ́ ọgbà tí kò ní da yín láàmú: ẹ kọ́kọ́ wo oòrùn yín, ẹ wo ilẹ̀ yín, ẹ wo ẹni tó ń jókòó síbẹ̀, kí ẹ tó gbé ọkọ́. Ẹ má hú ohun tó ń ṣe yín lóore nítorí pé kò dán. Ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó ti ń pe bíríkìlà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.