Abíyá Mi Ti Gbẹ

Ẹ bá mi yọ̀! Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún mi lábíyá, kó má baà làágùn mọ́.

Òórùn mi ló kúkú fẹ́ pa gbogbo ọ́fíìsì. Ọ̀gá wa, aláàánú, ló ní kí n gba ìsinmi lọ ṣe é.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò fi lè gbọ́wọ́ sókè yarun.

Mo padà sí ọ́fíìsì láàárọ̀ yìí. Kò sí òórùn kankan. Gbogbo wọn ń kí mi kú oríire.

Ni ọ̀gá náà bá ti ìsinmi tiẹ̀ dé. Ó bọ́ kóòtù, ó juwọ́ sí wa.

Gbogbo ọ́fíìsì fọwọ́ bo imú.

Akọ̀wé sọ ọ́ sí mi létí: "Ẹ má bínú, àǹtí. Ó pẹ́ tá a ti mọ̀. Ṣé ọ̀gá lẹ fẹ́ ká sọ ọ́ fún ni?"

Ọ̀gá yínmú sí mi: "Iṣẹ́ abẹ yẹn ò mà jẹ́ o. Padà lọ!"