Ọ̀rọ̀ Páwà Tó Fọ́ Ojú Síkírù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ dé ìdajì, aláìṣẹ̀ ló máa ń fìyà jẹ.

1.
Salahudeen ló ń to fídíò ìgbéyàwó àti wòlímọ̀ ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́, àmọ́ ara rẹ̀ gbóná, ọ̀rọ̀ kékeré sì máa ń dùn ún wọra. Inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni fídíò Àlhájà Sàdíátù wà, níbi tí ìyá arúgbó náà ti ń ṣàdúrà fáwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí wọ́n yà á ni ìyá kú. Kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíì.

Àdìjátù ọmọ ìyá náà, tó ń ta mílíìkì ní páálí-páálí ní Òkè Àrin, fẹ́ kí wọ́n fi fídíò náà hàn níbi àdúà ogójì ọjọ́, ní gbọ̀ngàn kan ní Oníkan.

"Ohùn màmá mi nìkan ló ṣẹ́ kù fún mi o," ló wí. "Ẹ má jẹ́ kó bàjẹ́."

Kọ̀ǹpútà wá ń há. Bí Salahudeen bá gé ìṣẹ́jú kan, àwòrán á dúró gbagidi. Ó bá pinnu láti ra káàdì fídíò ńlá tó ń mú kí àwòrán yá nínú kọ̀ǹpútà, irú èyí tí kò sẹ́ni tó ní in ládùúgbò.

2.
Síkírù, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé kéú, wá yẹ inú ẹ̀rọ náà wò. Jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́nu ọ̀nà.

"Rámù ni kó o kọ́kọ́ fi kún un. Kó o sì da fídíò ìyá yẹn kọ síbòmíì ná. Káàdì tó o fẹ́ rà yìí, páwà ẹ̀ ò gbé e."

Páwà kọ̀ǹpútà ni Síkírù ń wí, àpótí kékeré tó ń pín iná fún un. Ohun tí Salahudeen gbọ́ ni, "Páwà ẹ ò gbé e." Ó rò pé wọ́n ní apá òun ò ká a, níwájú àwọn oníbàárà méjì!

"Èmi? Páwà mi?"

Síkírù rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Salahudeen gbá páànù ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà mú, ó là á mọ́ ọn lójú. Ẹ̀jẹ̀ tú yàà.

"Yéè! Ojú mi o!"

Ó tún fi ẹsẹ̀ gbá a níhà kí àwọn oníbàárà tó fà á kúrò. Ní ọsibítù, wọ́n ní ojú ọ̀tún ti fọ́.

3.
Ṣé ẹ rò pé Salahudeen ronú? Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àílà, ó ki káàdì tuntun bọ inú kọ̀ǹpútà. Kò da ohunkóhun kọ síbì kankan. Bó ṣe tàn án ni páwà bú gbàmù. Iná jó ọwọ́ rẹ̀, ó jó tábìlì. Díìsìkì tí fídíò ìyá wà nínú rẹ̀ ti dúdú lápá kan nígbà tó fà á yọ.

Àdìjátù gbọ́, ó ń yí nílẹ̀. Àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì ò sunkún ní tiwọn, ẹ̀ṣẹ́ ni wọ́n fi kí Salahudeen. Wọ́n lù ú títí eyín rẹ̀ méjì fi bọ́ sínú gọ́tà.

4.
Gbogbo oníṣẹ́ tí Salahudeen gbé díìsìkì náà lọ bá, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sọ: "Ó ṣì ṣeé gbà là, àmọ́ Síkírù nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe."

Òun àti Àdìjátù jọ lọ bá Síkírù. Salahudeen dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Síkírù, dárí jì mí."

"Páwà kọ̀ǹpútà ni mo wí. Mi ò bú ẹ."

Nítorí ìyá tó kú, Síkírù gba díìsìkì náà. Ó mú irin gbígbóná tí wọ́n fi ń jó wáyà mọ́ra, ó ń wá ojú ibi tín-ín-tín tó yẹ kó fi kàn. Àmọ́ ojú kan ò mọ bí nǹkan kékeré ṣe jìnnà tó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni irin náà tàsé. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó jó díìsìkì náà lu, èéfín rú.

Síkírù gbé irin sílẹ̀. "Ojú tí mo fi ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, òun lo fọ́."

"Ohùn màmá mi ti lọ nìyẹn?" Àdìjátù bi wọ́n. Síkírù gbé díìsìkì tó ti lu náà lé e lọ́wọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹni tó mọṣẹ́ bá ń gbà yín nímọ̀ràn, ẹ pa jẹnẹrétọ̀, kẹ́ ẹ ní kó tún un sọ. Ẹ má fi ohun tí kò ní ẹ̀dà ṣeré. Ẹ má sì jẹ́ kí ọwọ́ yín yá ju etí yín lọ, torí ọwọ́ tó fọ́ ojú Síkírù, òun náà ló pa ohùn ìyá lẹ́ẹ̀kejì. Ìbínú ò da nǹkan fún ni. Sùúrù ni baba ìwà.