Ta Ló Bọ́ Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì Náà?

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ka ìwé ìtàn tuntun nípa ogun Jámánì fún ará abúlé wọn ní Friesland, ilẹ̀ tí àwọn Jámánì gbà nígbà ogun náà, Baukje ti dé gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó to àga tán. Ìlérí páńkéèkì, èyí tó máa ń dín lọ́jọ́ ìbí nìkan, ló fi tan Wobbe ọkọ rẹ̀ wá, torí baba náà kì í yọjú síbi ìrántí ogun. Ohun kan ṣoṣo ni Baukje ń retí: kí ìwé náà sọ pé ìyá òun ló bọ́ awakọ̀ bàálù Gẹ̀ẹ́sì tó fara pamọ́ sí abúlé nígbà tí bàálù kan já lulẹ̀ nítòsí. Òun àti Hiltje aládùúgbò rẹ̀ ti fa ọ̀rọ̀ yìí títí irun àwọn méjèèjì fi funfun.

"Ilé tiwa ló sùn," ni Hiltje wí lẹ́yìn wọn. "Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni ìyá mi fi ń ṣe é lálejò."

"Ẹlẹ́dẹ̀ wo? Ẹ̀yin tí ẹ ò ní adìyẹ! Orí àjà wa ló wà. Páńkéèkì ni ìyá mi ń dín fún un, òórùn ẹ̀ ló ń pa mí nísàlẹ̀."

"Ṣé o fojú rí i?"

Ìyá Baukje kò jẹ́ kó gun àkàsọ̀ orí àjà náà rí.

"Bàbá Wietske, ẹ bá mi bá ìyàwó yín sọ̀rọ̀ o," ni Hiltje wí fún Wobbe.

"Àlejò ni mí níbí," ni Wobbe fèsì. "Ẹ̀yìn ogun ni mo wá fẹ́yàwó."

Òpìtàn tó kọ ìwé náà, ọ̀dọ́bìnrin kan láti Groningen, ṣíwèé. Ó ní àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí tó ń sá fún iṣẹ́ tipátipá ní Jámánì pọ̀ débi pé bíìtirúùtù sísè, gbòǹgbò tí wọ́n fi ń bọ́ màlúù, nìkan ni wọ́n ń rí jẹ. Wobbe, tí kì í fi bíìtirúùtù kan ẹnu, fajú ro. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni gbogbo ilé ń du láti tọ́jú. Báńdéèjì ló bo ojú èyí tó fara pamọ́ sí abúlé yìí, kò sì la ẹnu sọ̀rọ̀ kan títí ó fi lọ. Orí àjà ilé Hiltje ni wọ́n ti rí fìlà awọ rẹ̀. Nítorí náà, ilé Hiltje ló wọ ìwé.

Àtẹ́wọ́ sọ. Hiltje dìde, ó ń juwọ́ bí ayaba. Ó dun Baukje wọra.

Nígbà tí wọ́n délé, ó dín páńkéèkì náà, omijé ń ro sẹ́bàá páànù.

"Wọ́n ti yọ ìyá mi kúrò nínú ìtàn, Bàbá Wietske. Irọ́ ni wọ́n pè é."

"Nu ojú rẹ, Ìyá Wietske," ni Wobbe wí, ó fa àwo mọ́ra, "lóòótọ́ ni mo gbàgbé fìlà tí mo ṣà nínú bàálù tó já yẹn, tí mo fi ń ṣe bí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, sórí àjà wọn, ṣùgbọ́n bíìtirúùtù ni ìyá Hiltje ń kó fún mi láràárọ̀ tí mo fi sá wá sórí àjà yín, páńkéèkì ìyá rẹ ni mo sì padà wá fẹ́ lẹ́yìn ogun, kí n tó rí ìwọ."