Etí Nìyẹn, Orí La Bá Wá

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ìtàn dé ìdajì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí dé òpin. Ìdajì àkọ́kọ́ nìkan ló dùn.

1.
"Kí ni dókítà fẹ́ kọ́ mi nípa irun? Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo ti wà nídìí ẹ̀."

Onídìrí kan ló sọ bẹ́ẹ̀. Irun tó bá dì kì í tú. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń feyín jáde ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, inú onítọ̀hún kọ́ ló dùn, irun ló fa ojú rẹ̀ sókè.

Orí ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ló fi ń polówó láti kékeré. Kí ọmọ tó pé ọdún mẹ́tàlélógún, irun iwájú orí rẹ̀ ti fà tu tán, ibẹ̀ ń dán.

"Èmi ni mo bà á jẹ́," ìyá ní, "èmi ni màá tún un ṣe."

2.
Dókítà tó ń gbin irun sọ fún wọn pé ọ̀nà méjì ló wà. Wọ́n lè gé awọ tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn orí, kí wọ́n yọ irun ara rẹ̀ lọ gbìn síwájú. Àpá gbọọrọ kan ni yóò kù. Wọ́n sì lè yọ irun níkọ̀ọ̀kan. Àpá rẹ̀ á kéré, ṣùgbọ́n á lé ní ẹgbẹ̀rún.

"Ṣé ojú egbò máa ń wú nínú ìdílé yín? Bó bá ń wú, ibi kékeré kan la máa kọ́kọ́ dán wò, ká dúró fún oṣù mẹ́fà."

"Rárá o," ìyá dáhùn. "Níkọ̀ọ̀kan la fẹ́. Oníbàárà ò gbọ́dọ̀ rí àpá gbọọrọ lórí ọmọ onídìrí."

Ọmọ wo ìyá rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti lu etí ìyá ni kókó kan ti wú síbẹ̀ bí ẹ̀pà. Ìborí ló fi ń bò ó.

"Màmá, etí yín ńkọ́?" ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí dókítà má baà gbọ́.

"Etí nìyẹn. Orí la bá wá."

Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Ó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ náà.

3.
Irun iwájú hù díẹ̀, ẹ má jẹ́ n parọ́. Ẹ̀yìn orí ló wú. Ojú ihò kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ti yọ irun níbẹ̀ di kókó, kókó so mọ́ kókó, ó ń yún un, ó ń ta á. Ọmọ ò lè fi ẹ̀yìn orí lélẹ̀ sùn mọ́.

Ìyá gbé ìpara wá. Ọmọ rọra di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Màmá, mi ò bínú sí yín. Ẹ ṣáà má fọwọ́ kan orí mi mọ́."

4.
Oṣooṣù ni wọ́n ń gún kókó náà lábẹ́rẹ́. Àbúrò ìyá ló ń bá ọmọ wọlé, òun ló ń di orí rẹ̀ mú. Ìyá á jókòó síta, á gbé báàgì ọmọ lé itan. Bó bá gbọ́ tí ọmọ ń ké, ìka rẹ̀ á máa lọ, á máa bọ̀ lára okùn báàgì náà, bí ẹni tó ń dirun.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó yan ọ̀nà tí wọ́n á gbà gbin irun, ẹ sọ ohun tó wà lára yín fún dókítà, pàápàá èyí tí ẹ ń fi aṣọ bò. Ẹ sì jẹ́ kí ọmọ sọ tẹnu rẹ̀. Ẹni tó bá fi àrùn pamọ́, ó kọjá oore oníṣègùn.