Tùwó Tó Fẹ́ Gba Ìyàwó Lọ́wọ́ Mi

"Tí mo bá purọ́, kí gbogbo èdè di àjèjì lẹ́nu mi! Oúnjẹ tó ń kọ́ni lédè yìí ti sú mi, torí èdè oúnjẹ téèyàn bá jẹ kẹ́yìn lẹnu ẹ̀ ń sọ.

Mo fẹ́ lọ tọrọ Arit lọ́wọ́ bàbá ẹ̀ ní Kàlàbá. Mo jẹ odidi ìkòkò ọbẹ̀ Ẹfíìkì, mo sọ Ẹfíìkì títí ẹja inú odò fi ń dá mi lóhùn. Bí mo ṣe bọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀, bàbá Háúsá kan nawọ́ sí tùwó ẹ̀ pé kí n wá jẹ. Ṣé ọmọ tí wọ́n kọ́ máa kọ̀ fún àgbà? Òkèlè kan péré!

Mo dọ̀bálẹ̀ fún àna, Háúsá ló jáde! Bàbá fajú ro. Ìyá Arit sáré gbé ọbẹ̀ Ẹfíìkì wá. Èmi náà tún ń tijú àna, mo ń juwọ́ pé mo ti yó! Inú bí Arit, ó ki òkèlè bọ̀ mí lẹ́nu. Ẹfíìkì dé, inú bàbá dùn débi pé ó fún mi níyàwó méjì lẹ́ẹ̀kan náà!"

"Akíngbadé, àwọn ìyàwó ọ̀hún dà?" ni ọ̀kan nínú àwa tá à ń gbọ́ ọ bi í.

"Wọ́n… wọ́n ṣì ń jẹyán kí wọ́n lè gbọ́ Yorùbá."

"Dìde níbẹ̀! Máa lọ sílé, àwa ò tíì jẹ oúnjẹ tó ń jẹ́ kéèyàn gba irọ́ ẹ gbọ́."