Ẹnjiníà àti Fíríìjì Òògùn

Ìmẹ́lẹ́ ni ó ba ayé ọkùnrin yìí jẹ́. Kì í jalè, kì í mutí, kì í pa ìsìn jẹ. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá ti ní ọ̀nà ẹ̀bùrú, ibẹ̀ ni yóò gbà. Òun ni ó ń tọ́jú ẹ̀rọ nílé ìwòsàn, Ẹnjiníà ni gbogbo wọn sì ń pè é.

Fíríìjì ńlá kan wà ní yàrá òògùn, níbi tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ tí ooru kò gbọdọ̀ kàn sí. Wọ́n so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ọn, tí ó ní síìmù nínú bíi ti fóònù. Waya tín-ínrín kan ti ara ẹ̀rọ náà wọ inú fíríìjì láti máa wọn bí ó ṣe tutù tó. Bí ooru bá ti fẹ́ wọlé, ẹ̀rọ á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù Ẹnjiníà níbikíbi tí ó bá wà.

Fíríìjì náà ti gbó, àtẹ̀jíṣẹ́ kò sì jẹ́ kí ọkùnrin yìí sinmi. Ó yẹ kí ó sọ fún àwọn ọ̀gá pé ó tó pààrọ̀, ṣùgbọ́n àlàyé ṣíṣe sú u. Ó fa waya yọ, ó gbé e gba ihò ara ògiri, ó sì tì í bọ inú fíríìjì tí àwọn òṣìṣẹ́ ń kó omi mímu sí ní yàrá kejì. Láti ìgbà náà, fóònù rẹ̀ dákẹ́.

"Ẹnjiníà, fíríìjì yìí ò yọ yín lẹ́nu mọ́," ni apòògùn wí. "Kí lẹ fún un jẹ?"

"Àdúrà ni, ọ̀gá wa."

"Ó ń ṣe mí bíi pé inú ẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́."

Ẹnjiníà na fóònù sí i. "Ẹ wò ó fúnra yín, kò sí àtẹ̀jíṣẹ́ kankan. Ṣé ẹ̀rọ náà á máa purọ́ ni?"

Apòògùn gba fóònù gbọ́.

Ìyàwó Ẹnjiníà ní àtọ̀gbẹ. Inú fíríìjì yẹn ni abẹ́rẹ́ tí ó ń gún lójoojúmọ́ ti ń wá. Ọkọ rẹ̀ ní í gbé e wálé. Kò pẹ́ tí obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í rù, tí òùngbẹ kò sì fi í sílẹ̀.

"Bàbá àwọn ọmọ, abẹ́rẹ́ yìí ò ràn mí mọ́."

"Àbí o ti ń jẹ nǹkan dídùn lẹ́yìn mi?"

"Mi ò fẹnu kàn án."

Ọkàn Ẹnjiníà sọ òtítọ́ fún un, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rù pé wọn yóò lé òun níṣẹ́. Ó ní lọ́la ni òun yóò dá waya padà. Kí ọ̀la tó mọ́, obìnrin náà dákú.

Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì sáré lọ mú abẹ́rẹ́ ní yàrá òògùn, ó gún un, kò ràn án. Ó tún mú òmíràn. Ẹnjiníà dúró lẹ́bàá ibùsùn, ó ń wò wọ́n. Ìgbà tí mímí bẹ̀rẹ̀ sí í nira fún ìyàwó rẹ̀ ni ó tó la ẹnu.

"Ẹ má fún un mọ́. Òògùn yẹn ti bàjẹ́."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Èmi ni mo bà á jẹ́."

Wọ́n ránṣẹ́ lọ wá òògùn ní ilé ìwòsàn mìíràn. Kí ó tó dé, obìnrin náà ti kú.

Wọ́n lé Ẹnjiníà níṣẹ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kéré. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin kò dá a lóhùn mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n sin ìyá rẹ̀. Bí ó bá rí pósí tí wọ́n gbé kọjá lójú títì, á béèrè lọ́kàn ara rẹ̀ bóyá òògùn tí òun bà jẹ́ ni ó pa ẹni yẹn náà, kò sì sí ẹni tí yóò sọ fún un. Ó ń kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, ọ̀rọ̀ kì í wá.

Ẹ̀yin ará mi, ẹni tí a fi ṣe olùṣọ́ kò gbọdọ̀ di ohùn tí ń kìlọ̀ fún un lẹ́nu, nítorí pé kò jẹ́ kí ó sinmi. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀rí ọkàn tí Olúwa fi sínú wa. Bí o bá ti pa tìrẹ lẹ́nu mọ́, lọ jẹ́wọ́ lónìí kí ó tó pẹ́ jù. Ọlọ́run aláàánú lè dárí ìjáfara rẹ jì ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìjáfara náà pa kò ní bá ọ délé mọ́.